Mẹ́tàdínlógún Kì í Ṣe Mẹ́ta: Bí A Ṣe Ń Yanjú Ìdọ́gba Ìbejì Nínú Ìdánwò

  

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè pé kí ló kan ìṣirò nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Yorùbá. Wọ́n á ní àṣà, oríkì àti ìtàn ló yẹ kí a máa kọ síbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí iléèwé wọ̀, ibo ni yóò ti rí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò dara pọ̀ mọ́? Nínú gbogbo wa tí à ń pàdé nínú ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ni kò ní àbúrò, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ kan nílé tí ìṣirò ti dí lọ́nà?

Ẹ jẹ́ kí àwa náà jẹ́wọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí a ṣe ìdánwò àṣewọlé, ìbéèrè ìdọ́gba kan ṣoṣo ló jókòó tì wá fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. A ń kọ, a ń pa á rẹ́, a tún ń kọ. Nígbà tí àkókò fi tán, ìbéèrè mẹ́sàn-án wà nílẹ̀ tí a kò tilẹ̀ kà. Máàkì mẹ́rin ni kò jẹ́ kí a wọlé lọ́dún náà. Odidi ọdún kan la fi bá màmá wa jókòó ti ọjà ní Sábọ̀n Gàrí, tí àwọn ẹgbẹ́ wa ń ti iléèwé bọ̀ wá kí wa.

Ní báyìí, ó ti kan àbúrò wa obìnrin. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú. Ó ti ní kírẹ́díìtì nínú gbogbo ohun tí wọ́n béèrè, àfi ìṣirò, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti ṣe é. Lóṣù tó kọjá ó pè wá lórí fóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán." Iṣẹ́ aṣọ rírán kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀tẹ́, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé kì í ṣe òun ló wà lọ́kàn rẹ̀. A ní kó fi iṣẹ́ tó ti ṣe ránṣẹ́ kí a wò ó. Ohun tí a rí níbẹ̀ ló mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí.

KÍ NI ÌDỌ́GBA ÌBEJÌ?

Ohun tí àwọn olùkọ́ ń pè ní simultaneous equations ni a fẹ́ máa pè ní ìdọ́gba ìbejì, nítorí pé méjì ni wọ́n, wọ́n jọ wá ni, a kò sì gbọdọ̀ tọ́jú ọ̀kan kí a gbàgbé èkejì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́jà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Òkè Ọya bíi tiwa mọ masa, ẹ sì mọ kósáì, ìyẹn àkàrà tí àwa ti ń pè ní kósáì kí a tó mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé. Ká ní ẹnì kan ra masa mẹ́ta àti kósáì méjì, ó san 800 náírà. Èló ni masa kan? Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ó lè jẹ́ pé 200 náírà ni masa, kí kósáì jẹ́ 100. Ó sì lè jẹ́ pé 100 náírà ni masa, kí kósáì jẹ́ 250. Méjèèjì ló ń mú 800 wá. Àwọn àgbà wa kórìíra agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, ìdí rẹ̀ nìyí.

Ẹlẹ́rìí kejì wá dé. Ó ní òun ra masa kan àti kósáì méjì lọ́dọ̀ ìyá kan náà, òun sì san 400 náírà. Ẹ wò ó báyìí. Kósáì àwọn méjèèjì dọ́gba. Masa méjì péré ni ẹni àkọ́kọ́ fi ju ẹnì kejì lọ, 400 náírà ló sì fi san jù ú lọ. A jẹ́ pé masa méjì jẹ́ 400, ọ̀kan jẹ́ 200. Tí a bá yọ 200 yìí nínú 400 ẹnì kejì, 200 ló kù fún kósáì méjì, ọ̀kan jẹ́ 100. Bí a ó bá fi m dúró fún masa, kí k dúró fún kósáì, bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

3m + 2k = 800
m + 2k = 400
2m = 400, m = 200, k = 100

Ẹni tó bá lè ra masa láìjẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ, ó ti mọ ìdọ́gba ìbejì. Ìlànà ibẹ̀ kò ju èyí lọ: ohun méjì tí a kò mọ̀ ń fẹ́ ẹlẹ́rìí méjì, mẹ́ta ń fẹ́ mẹ́ta. Ọgbọ́n náà kì í sì í ṣe ti òní. Ìwé ìṣirò àtijọ́ kan wà ní Ṣáínà tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Orí Mẹ́sàn-án Nípa Ọgbọ́n Ìṣirò. Ó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún, orí kẹjọ rẹ̀ sì dá lórí irú ìṣirò yìí. Igi kéékèèké ni wọ́n ń tò sórí pátákó láti fi ṣe é. Orúkọ Gauss, ará Jámánì tó gbé ayé láti 1777 sí 1855, ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà náà lónìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọ̀hún ti dàgbà jù ú lọ.

Ọ̀NÀ KAN Ò WỌ ỌJÀ

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń kọ́ wa ní iléèwé.

Èkíní ni ìparẹ́, èyí tí a ṣe lókè yìí: a pa ọ̀kan rẹ́ kí a lè rí ojú èkejì. Tí àwọn òǹkà iwájú wọn kò bá dọ́gba, a ó kọ́kọ́ mú wọn dọ́gba. Bí àpẹẹrẹ:

2x + 3y = 13
5x − 2y = 4

Ẹ fi 2 sọ ti òkè di púpọ̀, yóò di 4x + 6y = 26. Ẹ fi 3 sọ ti ìsàlẹ̀ di púpọ̀, yóò di 15x − 6y = 12. Ẹ ro wọ́n pọ̀. Àwọn y ti pa ara wọn rẹ́. 19x = 38, x = 2. Ẹ fi 2 sí ipò x lókè: 4 + 3y = 13, y = 3.

Ẹ̀kejì ni ìfirọ́pò. Èyí ló yá jù nígbà tí x tàbí y bá ti dá dúró fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ní y = 2x − 1, àti pé 3x + 2y = 19, kí lẹ fẹ́ máa ṣe ìparẹ́ sí? Ẹ gbé 2x − 1 sínú àkámọ́ ní ipò y: 3x + 2(2x − 1) = 19. Yóò di 7x − 2 = 19, x = 3, y = 5. Ẹ má gbàgbé àkámọ́ o, nítorí pé 2 náà gbọ́dọ̀ kan gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni gíráàfù: a ya ìlà méjì, ibi tí wọ́n ti pàdé ni ìdáhùn. Ó dára fún òye, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Tí ìbéèrè kò bá ní kí ẹ ya á, ẹ fi sílẹ̀.

IBI TÍ ÀBÚRÒ WA TI Ń ṢUBÚ

Ẹ jẹ́ ká wá sí ohun tí a rí nínú iṣẹ́ àbúrò wa. Ìbéèrè náà, tí a bá sọ ọ́ lédè wa, ní òǹkà kan fi 3 dín sí ìlọ́po méjì òǹkà kejì, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 18. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ ọ́ pé òǹkà àkọ́kọ́ jẹ́ "three less than twice the second". Àbúrò wa rí "three" níwájú, ó kọ 3 síwájú: x = 3 − 2y. Ó fi sínú x + y = 18, ó rí y = −15 àti x = 33. Ó ro wọ́n pọ̀, wọ́n jẹ́ 18 lóòótọ́. Ló bá fi ọkàn balẹ̀, ó lọ sí ìbéèrè tó kàn.

A pè é. A kò sọ̀rọ̀ x, a kò sọ̀rọ̀ y. A ní, "Ka 17 fún mi ní Yorùbá." Ó ní, "Mẹ́tàdínlógún." A ní, "Túmọ̀ rẹ̀." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mẹ́ta dín ní ogún." A ní, "Ṣé 3 yọ 20 ni àbí 20 yọ 3?" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ará wa, ohun tó wà nínú èdè wa nìyẹn. Òǹkà Yorùbá kún fún àyọkúrò. 17 jẹ́ 20 − 3. Márùndínláàádọ́ta, ìyẹn 45, jẹ́ 50 − 5. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ogún mẹ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Nínú mẹ́tàdínlógún, mẹ́ta ni ẹnu kọ́kọ́ dárúkọ, ṣùgbọ́n inú ogún la ti ń yọ ọ́. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yẹn rí. Nítorí náà, "three less than twice the second" ni 2y − 3, kì í ṣe 3 − 2y. Ẹ wá ṣe é: x = 2y − 3, x + y = 18. 3y − 3 = 18, y = 7, x = 11. Mọ́kànlá fi mẹ́ta dín sí mẹ́rìnlá. Ó pé.

Nígbàkigbà tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá ti da yín lójú rú, ẹ fi mẹ́tàdínlógún dán an wò. Àwa tí wọ́n bí sẹ́yìn odi, tí a máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì ka owó nítorí pé Yorùbá ń ṣòro fún wa lẹ́yìn ogún, ẹ jẹ́ ká padà lọ kọ́ òǹkà wa. Ó wúlò ju bí a ti rò lọ.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú àṣìṣe yẹn. Àbúrò wa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, síbẹ̀ ó kùnà, nítorí pé inú ìdọ́gba kan ṣoṣo ló ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá tilẹ̀ yẹ méjèèjì wò, wọn ì bá bá a mu, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ wọ́n. Inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bèèrè ìbéèrè ni kí ẹ ti máa yẹ ìdáhùn wò, kì í ṣe inú ìdọ́gba tí ẹ̀yin kọ. Bí òǹkọ̀wé bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ìwé tó kọ kò lè tọ́ ọ sọ́nà.

ÀWỌN KÒTÒ MÌÍRÀN

Èkíní ni àmì àyọkúrò. Ẹ wo 4x − y = 8 àti 4x − 3y = 0. Tí a bá yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè, 4x pa rẹ́. Ó ku −y, tí a fẹ́ yọ −3y kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á kọ −4y, wọ́n á ní y = −2. Rárá o. Gbèsè tí a bá yọ kúrò lọ́rùn ènìyàn, èrè ni fún un: −y + 3y = 2y. 2y = 8, y = 4, x = 3. Tí àmì bá ń dà yín láàmú, ẹ yí gbogbo àmì ìdọ́gba ìsàlẹ̀ padà ná, kí ẹ wá ro wọ́n pọ̀.

Ẹ̀kejì ni kí a máa wá ohun tí wọn kò béèrè. Wọ́n lè ní 3x + 2y = 17 àti 2x + 3y = 18, kí ni x + y? Wọn kò bèèrè x o. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: 5x + 5y = 35, x + y = 7. Ó parí. Tó bá jẹ́ x − y ni wọ́n béèrè, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: −1. Ẹ ka ìlà ìkẹyìn ìbéèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan bírò.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Bàbá kan fi ìlọ́po mẹ́ta dàgbà ju ìwọ̀n ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀; ìyẹn ni pé b = 3m. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, yóò jẹ́ ìlọ́po méjì. Ọ̀pọ̀ ló ń fi mẹ́wàá kún ti bàbá, tí wọ́n á gbàgbé ọmọ. Ṣé ọmọ kì í dàgbà ni? b + 10 = 2(m + 10). 3m + 10 = 2m + 20. Ọmọ jẹ́ ọmọ ọdún 10, bàbá jẹ́ ẹni ọdún 30. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, 20 àti 40.

Ẹ̀kẹrin ni ìbejì tó fara pa mọ́. Bí ẹ bá rí 2 tí a gbé agbára x + y lé lórí tó jẹ́ 32, àti 3 tí a gbé agbára x − y lé lórí tó jẹ́ 3, ẹ má bẹ̀rù. 32 ni 2 tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, nítorí náà x + y = 5, x − y = 1. x jẹ́ 3, y jẹ́ 2.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹlẹ́rìí tí kò wúlò. x + 2y = 5 àti 2x + 4y = 10: ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹlẹ́rìí méjèèjì ń sọ, ìdáhùn ibẹ̀ kò lóǹkà. Tí èkejì bá sọ pé 2x + 4y = 12, irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ara wọn: ìlà méjèèjì ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn kò ní pàdé láé, kò sí ìdáhùn. Tí wọ́n bá wá bèèrè k tí kò ní jẹ́ kí kx + 6y = 9 àti 2x + 3y = 5 ní ìdáhùn, ẹ wò ó pé 6 jẹ́ ìlọ́po méjì 3, k gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì 2, ìyẹn 4. Níwọ̀n ìgbà tí 9 kì í ti í ṣe ìlọ́po méjì 5, wọn kò ní pàdé.

Ọ̀RỌ̀ ÀKÓKÒ

Láti ọdún 2015 ni UTME ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ìbéèrè 180 ni fún wákàtí méjì. Tí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ti ìṣirò sì jẹ́ 40 nínú wọn. Ti WAEC sàn díẹ̀: ìbéèrè 50 oní-A-B-C-D fún wákàtí kan ààbọ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 48 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo ìṣẹ́jú mọ́kànlá tí àwa ná sórí ẹyọ kan!

Nítorí náà, tí ìdáhùn mẹ́rin bá ti wà nílẹ̀, ẹ lè mú wọn dán wò lọ́kọ̀ọ̀kan dípò kí ẹ máa yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ó bá ìdọ́gba méjèèjì mu. Nínú 3x + 2y = 17, x = 5 àti y = 1 bá a mu dáadáa; ẹ gbé e lọ sínú 2x + 3y = 18, 13 ni yóò fún yín. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá tún ni. Tí ìbéèrè kan bá sì ti gba ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ́wọ́ yín ní UTME láìsí ojú ọ̀nà, ẹ fi sílẹ̀, ẹ lọ sí òmíràn, ẹ ó padà wá bá a tí àyè bá wà. Fífi ìbéèrè kan sílẹ̀ kì í ṣe ìjákulẹ̀.

Nínú WAEC apá kejì, níbi tí a ti ń kọ iṣẹ́ síwèé, ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ kankan. Ẹ kọ ohun tí x àti y dúró fún, ẹ kọ ìdọ́gba méjèèjì, ẹ fi iṣẹ́ hàn. Máàkì wà fún ọ̀nà tí ẹ gbà, kì í ṣe fún ìdáhùn nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti kúrò níbẹ̀, ẹ dúró ná. Irú ìbéèrè wọ̀nyí ń dúró de ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò GRE tàbí GMAT láti lọ kàwé sí i lókè òkun, ó sì ń dúró de ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́yìn àgùnbánirọ̀.

Àbúrò wa kò tíì ṣe ìdánwò ẹ̀ẹ̀kẹta. Alaalẹ́ Sátidé la máa ń ṣe ìbéèrè márùn-ún lórí fóònù, òun á ka tirẹ̀, àwa á ka tiwa. Kò sọ̀rọ̀ aṣọ rírán mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. A kò lè sọ bí yóò ti rí, ṣùgbọ́n kò kọ 3 síwájú mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ gbé fóònù, ẹ pe ẹnì kan nílé lálẹ́ òní. Ẹ ní kó ka mẹ́tàdínlógún fún yín, kí ẹ sì bi í léèrè inú ohun tí a ti ń yọ mẹ́ta.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó dìgbà kan ná. Ire o!